Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nídìí abẹ́rẹ́: èsì fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kejì ni mí níbí ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà tí a ti ṣe capping, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n fi ń dé fìlà nọ́ọ̀sì fún wa, tí wọ́n sì ti ń pín wa sí wọ́ọ̀dù ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Tí sístà bá ti dúró tì mí pé kí n gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, àyà mi á máa lù kìkìkì, gbogbo ohun tí mo kọ́ á sì pòórá lórí mi. Sístà kan ti pariwo mọ́ mi lójú àwọn aláìsàn pé ta ló ní kí n wá ṣe nọ́ọ̀sì. Látìgbà náà, ọ̀rẹ́ mi ló máa ń bá mi gún un, èmi á bá a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ kékeré kan kú nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé. Tí mo bá ti dùbúlẹ̀, màá máa rò ó pé ká ní mo tètè pe dókítà ni. Ọmọ kíláàsì mi kan fún mi ní oògùn oorun, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń lò ó. Mo sì ń mu energy drink kí n lè kàwé, torí ìdánwò ti ń sún mọ́lé. Màmá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, owó àjọ ni wọ́n fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, kí n wá gba àdúrà. Mà, ṣé kì í ṣe pé mi ò yẹ fún iṣẹ́ yìí ni? Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Èyí tó ń dùn ọ́ jù ni màá kọ́kọ́ dáhùn: rárá, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò fi hàn pé o kò yẹ. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì níṣẹ́, àwọn tí ọwọ́ wọn gbọ̀n ní ọdún kejì sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní mátíróònù lónìí. Àwọn tó máa ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tí ọwọ́ wọn dúró ṣinṣin láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọn kì í wo orúkọ aláìsàn kí wọ́n tó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lára.

Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn sọ fún ọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́. Nǹkan ń ṣe ọ́, ó sì ń pọ̀ sí i. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ ni pé ìdààmú oríṣi méjì lò ń bá yí, o sì ti gbé ọgbọ́n ọ̀kan fún èkejì. Abẹ́rẹ́ ṣeé kọ́, ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ ò ń sá fún un. Ikú ọmọ yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè tún un ṣe mọ́, àmọ́ òun lò ń fi gbogbo òru wá àtúnṣe sí. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń le sí i.

Kí a tó débẹ̀, lọ yẹ ara rẹ wò. Ìwọ náà ti kà á pé bí thyroid, èyí tó wà ní ọ̀fun tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù, oorun á dá lójú èèyàn, yóò sì máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń mú àyà lù. Bí o bá ní ikọ́ fée tí o sì ń fa salbutamol, òun náà ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Mi ò sọ pé ìkankan nínú wọn ló ń ṣe ọ́. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ni, kò sì yẹ kí nọ́ọ̀sì lọ́la máa fi ọkàn ṣàlàyé ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè sọ ní ọjọ́ kan.

Ó dáa, abẹ́rẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ nídìí bẹ́ẹ̀dì kò ṣàjèjì. Walter Cannon, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1915. Bí ara bá ti rí ewu, adrenaline á tú jáde láti ara ẹ̀yà kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín, ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí iṣan ńláńlá, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń darí ìka á sì máa gbọ̀n. Ara ti múra láti jà tàbí láti sá lọ. Ó kàn jẹ́ pé abẹ́rẹ́ gígún kò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Nítorí náà, má ṣe bá ọwọ́ rẹ jà pé kó má gbọ̀n. Bí o bá ṣe ń ṣọ́ ọ tó ni yóò ṣe máa gbọ̀n tó. Ibi tó máa sinmi sí ni kí o wá fún un.

Bí bẹ́ẹ̀dì náà bá ṣeé gbé sókè, gbé e sókè kí o má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fún ìgúnpá rẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Fi ọwọ́ kejì mú awọ ara aláìsàn dúró, nítorí ọwọ́ tó bá ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe kì í gbọ̀n bí èyí tó wà lófìfo. Kí o tó kúrò nídìí tírọ́lì, mí sínú fún ìwọ̀n kíka mẹ́rin, kí o mí síta fún ìwọ̀n kíka mẹ́fà, kí o ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mímí síta tó gùn ló ń jẹ́ kí ọkàn dẹwọ́ ìsáré; àwọn kan máa ń fa èémí ńlá sínú léraléra, òòyì á tún máa kọ́ wọn lójú ni. Lẹ́yìn náà, sọ nǹkan márùn-ún yẹn jáde lẹ́nu, kí etí tìrẹ gbọ́ ọ: aláìsàn yìí ni, oògùn yìí ni, ìwọ̀n yìí ni, ọ̀nà yìí ni, àkókò yìí ni. Wọ́n kọ́ ọ ní márùn-ún yìí torí ààbò aláìsàn, àmọ́ ó tún ń ṣe nǹkan mìíràn: ọkàn tó ń ka nǹkan márùn-ún kò ráyè púpọ̀ láti máa wo ojú sístà.

Ní 1908, Robert Yerkes àti John Dodson fi eku ṣe ìwádìí kan, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ tó rọrùn fún eku kò bàjẹ́ bí ìnira bá pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èyí tó ṣòro fún un máa ń dà rú tí ìnira bá ti kọjá ààlà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni pé kí o kọ́ nǹkan kọjá ibi tí o ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ yín máa ń gún ọsàn nígbà kan tàbí ìgbà méjì ní yàrá ìdánrawò, ẹ̀ẹ̀kẹta ara ènìyàn ni. Kò tó. Ra ọsàn, tọrọ sìríńjì tuntun àti omi lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ yín, kí o máa fa omi, máa lé afẹ́fẹ́ jáde, máa gún, títí tí ọwọ́ rẹ á fi lè ṣe é nígbà tí ẹnìkan ń bi ọ́ ní ìbéèrè lọ́wọ́. Bí o bá ti lè ṣe é báyẹn, ìpayà lè dé, á bá ọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀rù gígún ara ẹni náà wà nínú rẹ̀, bí o kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Èyí ní ìdí, mi ò ní ní kí o má bẹ̀rù. Má ṣe dé ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí o ti lò. Bó bá gún ọ, fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, má fún un, má fi ẹnu fa á, sọ fún ẹni tó wà lórí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń dènà HIV lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó, ọjọ́ 28 sì ni wọ́n fi ń lò ó. Ẹni tó mọ èyí sórí máa ń fọwọ́ balẹ̀ ju ẹni tó ń gbàdúrà pé kó má ṣẹlẹ̀ lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bá ọ gún un. Èmi gbà pé ó nífẹ̀ẹ́ rẹ. Àmọ́ wò ó: bí sístà bá ní kí o gún un, tí ọ̀rẹ́ rẹ wá gbà á lọ́wọ́ rẹ, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àyà rẹ láàárín ìṣẹ́jú kan? Ó ń rọlẹ̀. Ara rẹ sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, pé sísá ló gbà ọ́ là. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá nílò láti sá ṣáájú ìgbà yẹn. Tó bá yá, orúkọ wọ́ọ̀dù lásán á máa bà ọ́ nínú jẹ́ láti họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo sì ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí o dá ara rẹ lóhùn: ta ló ń fọwọ́ sí chart aláìsàn? Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá gún un tí ìwọ wá fọwọ́ sí i, irọ́ lẹ kọ sínú ìwé ilé ìwòsàn, ọjọ́ tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn náà, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa pè. Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀ láti òní lọ.

Sísá kì í tán lọ́jọ́ kan, ó ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Lọ bá clinical instructor yín, ìyẹn ẹni tó ń tẹ̀ lé yín ní wọ́ọ̀dù, má lọ bá sístà tó pariwo mọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́. Sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ gún abẹ́rẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe é díẹ̀díẹ̀." Ní àkọ́kọ́, kí o fa oògùn, kí ẹlòmíràn gún un lójú rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ìwọ gún àgbàlagbà tó ní sùúrù, kí instructor dúró tì ọ́. Lẹ́yìn náà kí ó dúró jìnnà. Sístà alágídí yẹn ló kẹ́yìn. Ibi tí o bá dé, dúró síbẹ̀ títí tí ìpayà á fi lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí o tó bọ́ sí èyí tó kàn. Ìpayà tó le gan-an pàápàá, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sábà máa ń dé góńgó rẹ̀, tí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ẹni tó ti sá lọ kì í dúró rí i pé ó ń wálẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo sọ láti òkè wá, ìyẹn fún ohun tó ṣeé tún ṣe ni. Richard Lazarus àti Susan Folkman, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn, ló ya ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ dáadáa ní 1984. Wọ́n ní tí nǹkan bá dojú kọ èèyàn, ìbéèrè méjì ló máa ń bi ara rẹ̀: ṣé nǹkan yìí lè ṣe mí ní jàǹbá? Kí ni mo ní lọ́wọ́ tí mo lè fi kojú rẹ̀? Másùnmáwo máa ń wáyé níbi tí èsì èkejì bá ti kéré sí ti àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. O lè kọjú sí ìṣòro náà gan-an, kí o kọ́ iṣẹ́, kí o tọrọ ìrànlọ́wọ́, kí o ṣètò àkókò. O sì lè kọjú sí ohun tí ìṣòro náà ń ṣe sí ọkàn rẹ, kí o sunkún, kí o sọ ọ́ fún ẹnìkan, kí o gbàdúrà, kí o gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀. Kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Àwọn ìwé kan máa ń kọ ọ́ bíi pé ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ọlọ́gbọ́n, tí èkejì jẹ́ ti ọ̀lẹ; èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ìwọ náà ò sì ní gbà bẹ́ẹ̀ tí o bá ti tọ́jú aláìsàn tí wọ́n ní kò ní yè é.

Charles Carver ṣe ìwé ìbéèrè 28 kan ní 1997 tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń kojú ìdààmú, ọ̀nà 14 ló sì tò síbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ètò ṣíṣe wà níbẹ̀. Àwọn tí mo máa ń kọ́kọ́ wò tí mo bá ń bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ni dídá ara ẹni lẹ́bi, fífi oògùn tàbí ọtí pa ọkàn rẹ́, ṣíṣe bíi pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀, àti pípa ọwọ́ pọ̀ pé ó ti sú mi. Nínú lẹ́tà rẹ, mo rí mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ èsì gígùn.

Ọmọ tó kú náà ńkọ́? Gbogbo àlàyé abẹ́rẹ́ lo ṣe fún mi, ó kún rẹ́rẹ́, ìwọ̀n díẹ̀ péré lo fi kan ọmọ yìí tí o fi sáré kọjá lọ. Èmi rò pé òun ló ń jí ọ lóru. Mo sì mọ ìdí tí o fi sáré. Òkú ọ̀fọ̀ ni, nílẹ̀ wa wọn kì í jókòó ròyìn rẹ̀. Wọ́n á ní kí Olúwa má jẹ́ ká rí irú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù, ó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹlòmíràn á ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì ní kí ìwọ lọ wọn ìgbóná ara àwọn tó kù.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Isabel Menzies ṣe ìwádìí nípa èyí ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní London, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1960. Ohun tó rí ni pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kún fún ìbẹ̀rù ikú àti ìrora, ilé ìwòsàn náà sì ti ṣètò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dúró sún mọ́ ìbẹ̀rù yẹn. Wọ́n gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan má baà mọ aláìsàn kan tán. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì tàbí orúkọ àìsàn ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Wọ́n ń ṣí akẹ́kọ̀ọ́ kiri láti wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù. Tí ẹnìkan bá fi ìbànújẹ́ hàn, ìbáwí ló máa gbà. Ètò yìí bo ìbẹ̀rù mọ́lẹ̀, kò wò ó sàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. London ni ó, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àmọ́ tí mo bá ka àpèjúwe rẹ̀, wọ́ọ̀dù tiwa ni mo máa ń rí.

Torí náà, nígbà tí sístà yẹn pariwo mọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kí òun náà máa bo nǹkan mọ́lẹ̀. Mi ò sọ pé ó dára. Pípariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lójú aláìsàn kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kan, ó sì ń já aláìsàn láyà pé ta ni wọ́n fi ara òun lé lọ́wọ́. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, dúró kí ọwọ́ dilẹ̀, kí o lọ bá a níkọ̀kọ̀, kí o kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, kí o sì sọ pé: "Ẹ má bínú mà, mo fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ yín. Tí mo bá ṣe àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá mi wí." Ọ̀pọ̀ nínú wọn á rọ̀. Èyí tí kò bá rọ̀, kí o fi tó ilé ẹ̀kọ́ rẹ létí, pẹ̀lú ọjọ́ àti ohun tó sọ gan-an.

Lórí ọmọ náà, wá ẹni tí ẹ jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ jókòó síbi tó dákẹ́, kí o ròyìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: aago mélòó lo wọlé, báwo ni ọmọ náà ṣe rí, kí lo rí, kí lo ṣe, ta lo pè. Má fo ibì kankan. Bí o kò bá rí ẹnì kan, kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, bi ẹni tó jù ọ́ lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà ní ìbéèrè tó ń jí ọ lóru: ká ní mo tètè pe dókítà ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó ní ìrírí mọ àìsàn ọmọ náà, ó lè sọ bóyá ó máa yí nǹkan padà tàbí kò ní yí i padà. Ó sì lè sọ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí o tètè pè é, báyìí ni wàá sì ṣe mọ̀ nígbà mìíràn. Èyí pàápàá sàn ju ìdájọ́ tí ò ń dá fún ara rẹ ní aago méjì òru, níbi tí kò ti sí ẹlẹ́rìí. Bó bá wá kọjá oṣù kan tí ọmọ náà ṣì ń wá sójú àlá rẹ, tàbí tí o kò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ọmọdé láìjẹ́ pé ara rẹ gbọ̀n, ìyẹn ti kúrò ní ti ìmọ̀ràn inú ìwé, ó ti di ti oníṣègùn.

Oògùn oorun. Mi ò mọ orúkọ èyí tí wọ́n fún ọ, àmọ́ èyí tó sábà máa ń wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ìdílé diazepam àti bromazepam. Oorun á wá lóòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á ti mọ́ ọn lára, oorun kò ní wá láìsí i, ìpayà tó o ń sá fún á sì pa dà dé ju ti àtẹ̀yìnwá. Bí o bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, má ṣe já a lójijì, nítorí ó lè mú èèyàn ní gìrì. Dókítà ló máa bá ọ dín in kù. Mú páálí rẹ̀ dání tí o bá ń lọ.

Energy drink yẹn sì ń bá oògùn náà jà nínú rẹ. Káféènì inú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ ṣì máa ń wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, nítorí náà èyí tí o mu ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru. Obì tí àwọn mìíràn máa ń jẹ kí wọ́n lè kàwé mọ́jú, káféènì kan náà ló wà nínú rẹ̀. Káféènì sì máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó sì ń mú àyà lù. Ìyẹn ni pé òru lò ń mu ohun tó máa mú ọwọ́ rẹ gbọ̀n láàárọ̀, tí o wá ń bi mí pé ṣé o yẹ fún iṣẹ́ náà. Jáwọ́ nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, má mu ún rárá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Jẹun kí o tó lọ sí iṣẹ́ àárọ̀, kódà bó jẹ́ ẹ̀kọ àti àkàrà ní Pánṣẹ́kẹ́.

Ìdánwò ò ní gba àkókò wa. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù, kíkàwé mọ́jú kò sì lè ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Ní 2006, Roediger àti Karpicke fi ìwádìí hàn pé àwọn tó kà á tí wọ́n sì pa ìwé dé láti dán ara wọn wò, wọ́n rántí púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ. Pa ìwé dé, bi ara rẹ, kọ ọ́ sílẹ̀, ṣí i wò. Fún OSCE, ìyẹn ìdánwò tí ẹ máa fọwọ́ ṣe, ẹ máa ṣe é fún ara yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí ẹnìkan jẹ́ aláìsàn, kí ẹnìkan di aago mú.

Màmá rẹ ńkọ́? Mi ò ní bá wọn jiyàn lórí ọwọ́ ayé. Kenneth Pargament, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ipa tí ẹ̀sìn ń kó nígbà ìṣòro, rí i pé ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn ń gbà gbára lé Ọlọ́run. Àwọn kan gbà pé Ó wà pẹ̀lú wọn nínú ohun tí wọ́n ń ṣe, ìyẹn ń fún wọn lókun. Àwọn mìíràn gbà pé Ó ń fi ìyà jẹ wọ́n tàbí pé Ó ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀, tàbí pé ẹ̀mí burúkú ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ìdààmú ti àwọn wọ̀nyí máa ń pọ̀ sí i ni. Bá wọn lọ gba àdúrà, ọmọ mi, kí o sì jẹ́ kí ó jẹ́ àdúrà pé kí Olúwa bá ọ di ọwọ́ rẹ mú nídìí abẹ́rẹ́. Má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ní báyìí. Ẹni tí ebi ń pa, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n. Lẹ́yìn àdúrà, sọ fún wọn. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo fẹ́ fi sílẹ̀", nítorí owó àjọ ni wọ́n máa gbọ́ nínú ìyẹn. Sọ pé: "Màmá mi, iṣẹ́ yìí ń dẹ́rù bà mí díẹ̀, mi ò sùn dáadáa, mo fẹ́ lọ rí dókítà." Ìyá tó ń jókòó ti aró láti àárọ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ tó ń nira kó tó mọ́ni lọ́wọ́.

Ibi tí wàá lọ ni mo mọ̀ pé á bà ọ́ lẹ́rù, nítorí Abẹ́òkúta la wà. Bí wọ́n bá ní ẹnìkan lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ, gbogbo àdúgbò ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó sì dùn mí, nítorí ilé ìwòsàn yẹn ni ìlú yìí lè fi yangàn jù. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Adéoyè Lámbò, ibí ni wọ́n ti bí i ní 1923, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di igbá-kejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Bí o bá dé posting, ìyẹn àsìkò ìdánrawò, ti àìsàn ọpọlọ, wàá rí i pé àwọn tó wá fún àìróorunsùn àti ìpayà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á pa dà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí o kò bá fẹ́ débẹ̀, dókítà tó ń rí sí gbogbo àìsàn lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní Ìdí-Abà tàbí níbikíbi tó bá sún mọ́ ọ.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ọ ní ìbéèrè méje kan tí wọ́n ń pè ní GAD-7, tí wọ́n fi ń wo bí ìpayà ṣe pọ̀ tó. Láti 2006 ló ti wà. Ó ń bi ọ́ nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 sí 3, gbogbo rẹ̀ 21. Láti 5 ó jẹ́ díẹ̀, láti 10 ó jẹ́ ìwọ̀nba tó yẹ kí a tọ́jú, láti 15 ó ti le. Àmì lásán ni, dókítà ló máa sọ ìyókù. Ìtọ́jú tí wọ́n fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tó ń kọ́ni láti yẹ èrò ẹni wò kí a sì kojú ohun tí à ń sá fún, ń ṣiṣẹ́ gan-an fún irú èyí. Bí wọ́n bá fi oògùn kún un, ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé ó sàn kí o kú, má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Sọ fún ẹni tó wà nítòsí rẹ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tẹ̀ lé ọ lọ sí ilé ìwòsàn, kó má fi ọ́ sílẹ̀ nìkan. Máa rántí pé òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní 2023. Aláìsàn tó ní ẹ̀tọ́ ni wọ́n máa kà ọ́ sí.

Ó ku ìbéèrè rẹ pé kí o fi sílẹ̀ tàbí kí o má fi sílẹ̀. Má dáhùn rẹ̀ nínú oṣù yìí. Ẹni tí kò sùn, tí oògùn àti káféènì ń fà láàárín, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ikú ọmọdé, kò yẹ kó pinnu ohun tó máa jẹ ọdún mẹ́wàá. Jẹ́ kí oorun rẹ pa dà, kí o parí ìdánwò yìí, kí o gún abẹ́rẹ́ tí o ti ń yẹ̀, kí o tún lo posting kan sí i, pàápàá ti àìsàn ọpọlọ tàbí ti ìlera àdúgbò, níbi tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti yàtọ̀ sí ti wọ́ọ̀dù. Bó bá wá jẹ́ pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ọkàn rẹ kò sí níbẹ̀, lọ bá ilé ẹ̀kọ́ rẹ, kí o bi wọ́n bí o ṣe lè kúrò láìpàdánù èsì tí o ti ní. Mo ti rí àwọn tó kúrò tí ayé wọn dára. Àmọ́ kí o kọ́kọ́ lọ rí dókítà pẹ̀lú páálí oògùn náà lọ́wọ́, kí o sì bá instructor yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n tó pín iṣẹ́ wọ́ọ̀dù.